Ẹ̀rọ Ni Ó Yà Á Bẹ́ẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò yíyà ní ayé kámẹ́rà dígítà yìí. Bí wọ́n bá fi fọ́tò han ẹni tí wọ́n yà, tí onítọ̀hún sì fa ojú ro, tí ó béèrè pé, "Ṣé èmi nìyí?", èsì tí ó máa ń jáde ni pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ni ó yà á bẹ́ẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni pé ó parí ẹjọ́. Ẹ̀rọ kì í ṣe ènìyàn. Kò ní ìlara, kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Bí ẹ̀rọ bá ti wí, ta ni yóò tún wí? Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bóyá àwáwí yìí lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ẹni tí ó di kámẹ́rà mú lè gbé ẹrù ohun tí ó yà lé ẹ̀rọ lórí, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

A kò lè dá ẹjọ́ náà láìmọ ohun tí ó wà nínú àpótí yìí. Kámẹ́rà, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó, yàrá òkùnkùn kékeré kan ni. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú díńgí iwájú rẹ̀ wọlé, ó ń bọ́ sórí àwo kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń di àwòrán. Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí àwòrán náà yóò ti mọ́lẹ̀ tó. Èkíní ni bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ti fẹ̀ tó. Wọ́n fi lẹ́tà f ṣe àmì rẹ̀, wọ́n sì ń kà á báyìí: f/2.8, f/4, f/5.6, f/8, f/11, f/16. Ó máa ń rú akọ́ṣẹ́ lójú pé bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi ni ihò ń kéré, ṣùgbọ́n ìpín ni nọ́ńbà náà: ẹni tí ó gba ìdá mẹ́rìndínlógún iṣu kò lè yó bí ẹni tí ó gba ìdá mẹ́rin. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Èkejì ni ìwọ̀n àkókò tí ilẹ̀kùn inú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ṣọ́tà, fi wà ní ṣíṣí. Ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, oníjó yóò dúró sójú kan bí ère. Ní 1/15, ọwọ́ onílù yóò di èéfín. Ẹ̀kẹta ni ISO. Èyí kì í fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Ńṣe ni ó ń gbé èyí tí ó ti wọlé sókè, bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń gbé ohùn ẹni tí kò lóhùn sókè. Ohùn ga, ṣùgbọ́n ikọ́ àti ìmí rẹ̀ ga pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí fọ́tò tí a yà ní ISO 6400 fi máa ń ní hóró wẹ́wẹ́ bíi gàrí ju èyí tí a yà ní ISO 100 lọ.

Ohun kan fara sin síhìn-ín. Bí ìmọ́lẹ̀ tí a nílò bá jẹ́ ìwọ̀n kan, f/4 pẹ̀lú 1/250 yóò gbé e wọlé, f/5.6 pẹ̀lú 1/125 yóò gbé e wọlé bákan náà. F/8 pẹ̀lú 1/60 kò ní yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n àwòrán kò dọ́gba. Ní f/4, ojú ìyá ìyàwó yóò mọ́ kedere, àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì di kùrukùru, bí ẹni pé òun nìkan ni ó wá sí òde náà. Ní f/8, àwọn ẹbí ẹ̀yìn yóò ní ojú, wọn yóò ní imú, ṣùgbọ́n bí ìyá bá mi orí nígbà tí ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà lè fà gbọọrọ bí àbàwọ́n lórí aṣọ. Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì? Ṣé òde tí ìyá nìkan wà ni, tàbí òde tí gbogbo ẹbí wà? Kò sí ìṣirò kan tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹnì kan ni yóò yàn. Bí akọ́ṣẹ́ kò bá yàn, ẹlòmíràn ti yàn fún un.

Ta wá ni ẹlòmíràn yìí? Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1888 ni George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó ti fi fíìmù tí ó tó ọgọ́rùn-ún fọ́tò sínú rẹ̀. Àdéhùn tí ó bá àwọn oníbàárà ṣe ni pé kí wọ́n ṣáà tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ òun. Bí fíìmù bá tán, wọn yóò fi kámẹ́rà náà lódindi ránṣẹ́ sí Rochester, a óò fọ fọ́tò, a óò fi fíìmù mìíràn sí i, a óò dá a padà. N kò bá àdéhùn yìí jà. Òun ni ó jẹ́ kí fọ́tò kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tí ó di ti gbogbo ayé. Ní ilé iṣẹ́ Kodak kan náà, ní ọdún 1975, Steven Sasson ṣe kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù rárá; ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ó ń gbà kí ó tó kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ti òde òní kò gbà tó ìpajú. Síbẹ̀ àdéhùn 1888 ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ wo bọ́tìnnì róbótó tí à ń yí lórí kámẹ́rà: M wà fún ẹni tí yóò yan ohun gbogbo fúnra rẹ̀, A tàbí Av fún ẹni tí yóò yan ihò, S tàbí Tv fún ẹni tí yóò yan àkókò, Auto sì wà fún ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnnì kí ó fi ìyókù sílẹ̀.

Báwo ni Auto ti ń yàn? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mítà kan wà nínú kámẹ́rà tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà láti ara ohun tí a kọjú rẹ̀ sí. Mítà yìí kò lè mọ̀ bóyá nǹkan dúdú nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kò tó níbẹ̀, tàbí nítorí pé dúdú ni Ọlọ́run dá a. Kí ó má ba à dúró gbagidi, àwọn tí ó ṣe é fún un ní ìmọ̀ràn kan: kí ó máa rò pé bí a bá po gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́, eérú tí ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Ohun tí ó bá mọ́ ju eérú lọ, yóò fà á sísàlẹ̀. Ohun tí ó bá dúdú ju eérú lọ, yóò tì í sókè. Lóòótọ́, ti òde òní ti gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń wá ojú ènìyàn kiri nínú àwòrán kí wọ́n tó pinnu. Ṣùgbọ́n eérú ni ìpìlẹ̀ ìrònú wọn, kò sì sí bí a ti ṣe lè ṣe Ifá kí ó má hu ìwà èkùrọ́.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ ní òde ìyàwó. A ní adúmáadán ní èdè wa, ẹni tí dúdú rẹ̀ ń dán bíi kóró iṣin. A ní apọ́nbéporé, ẹni tí pípọ́n rẹ̀ dà bí epo. Oríkì ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí í fi eérú ki ọmọ rẹ̀. Kí adúmáadán kan wá wọ aṣọ ìyàwó funfun báláú, kí ó dúró ti ògiri funfun. Mítà rí funfun, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù. Aṣọ di eérú, ojú ìyàwó di èédú. Ẹyinjú àti eyín nìkan ni a rí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ìyàwó yìí kan náà pààrọ̀ sí aṣọ òkè dúdú, kí ó dúró níwájú aṣọ títa tí ó dúdú. Mítà rí òkùnkùn, ó wá ìmọ́lẹ̀ kún un. Ojú ìyàwó ṣì bí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, gbogbo dídán rẹ̀ sì lọ. Obìnrin kan, alẹ́ kan, kámẹ́rà kan, ojú méjì, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Bọ́tìnnì kékeré kan wà tí ó ní àmì + àti −. Bí akọ́ṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n, ìbá ti fi ìgbésẹ̀ kan kún ti àkọ́kọ́, ìbá sì ti yọ ìgbésẹ̀ kan kúrò nínú ti èkejì. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ìkórìíra òyìnbó sí aláwọ̀ dúdú ni gbogbo èyí. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Kò sí ìkórìíra nínú eérú. Mítà tí ó sọ ìyàwó wa di èédú kan náà ni ó ń sọ yìnyín ilẹ̀ Kánádà di ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ torí èyí fo ìtàn dá. Ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, nígbà tí fíìmù aláwọ̀ gba ìlú, Kodak a máa fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ni ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní káàdì Shirley. Bí awọ ara Shirley bá ti jáde dáadáa, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ìfọfọ́tò pé nìyẹn. Ojú kan ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ojú. Lorna Roth, ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀ràn yìí ní ọdún 2009. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ Kodak àtijọ́ pé lára ohun tí ó mú kí ilé iṣẹ́ náà tún fíìmù rẹ̀ ṣe ni ẹjọ́ àwọn tí ń ṣe ṣokoléètì àti àwọn tí ń fi igi ṣe àga, nítorí pé fíìmù náà kò lè fi ìyàtọ̀ igi kan sí èkejì hàn. Ẹ gbọ́ ná: àwọn ìyá adúmáadán ti ń fa ojú ro láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́, àga kò fa ojú ro rárá, a gbọ́ ti ẹni tí ó ni ín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Google gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ohun tí ó pè ní Real Tone, kí awọ dúdú lè jáde bí ó ti rí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ni ó jókòó ní yàrá kan tí wọ́n pinnu ohun tí ó dára, nígbà Shirley àti nígbà Pixel.

Nítorí náà, bí akọ́ṣẹ́ bá sọ pé ẹ̀rọ ni ó yà á bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń sọ ní ti gidi ni pé, "Ẹnì kan tí n kò mọ̀, tí kò sì mọ̀ yín, ni ó pinnu bí ojú yín yóò ti rí, mo sì gbà fún un." Ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni.

Ẹlòmíràn yóò gba ọ̀nà mìíràn yọ. Yóò ní, "Òótọ́ ni mo fẹ́, èmi kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ohun tí kámẹ́rà rí ni mo mú wá." Èyí dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú sẹ́ńsọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà ni a tò àwọn díńgí aláwọ̀ wínníwínní sí, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Bryce Bayer ti Kodak gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní ọdún 1976: ìdajì wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìdá mẹ́rin jẹ́ pupa, ìdá mẹ́rin yòókù jẹ́ aláwọ̀ aró. Ojú kọ̀ọ̀kan lórí sẹ́ńsọ̀ kò rí ju àwọ̀ kan ṣoṣo lọ. Méjì yòókù, ohun tí aládùúgbò rẹ̀ rí ni ẹ̀rọ fi ń méfò. Bí a bá tún ní kí ó tọ́jú fọ́tò náà bíi JPEG, yóò pinnu bí pupa yóò ti pupa tó, yóò sì da èyí tí kò fẹ́ nù. Fáìlì RAW ni ó ń pa gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà mọ́, ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ ti wí, tútù ni, ẹnì kan ní láti sè é kí ó tó ṣe é jẹ. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kò tí ì sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó yí bọ́tìnnì sí M kò tíì di olóòótọ́. Irú wọn pọ̀, wọ́n á máa fi M yangàn bí ẹni pé wọ́n gba oyè. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ yí lè fi parọ́ ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, ìbejì ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé sínú African Arts nípa bí àwa Yorùbá ti ń lo fọ́tò. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó bá àwọn ayafọ́tò tí ń ṣe fọ́tò fún àwọn òbí tí ọ̀kan nínú ìbejì wọn ti kú. Èyí tí ó kù láyé ni wọ́n ń yà, wọn yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, bí ẹni pé ọmọ méjì jókòó pọ̀. Bí èyí tí ó lọ bá jẹ́ ọkùnrin, tí èyí tí ó kù jẹ́ obìnrin, ọmọbìnrin náà yóò wọ aṣọ tirẹ̀ fún àkọ́kọ́, yóò sì wọ aṣọ ọkùnrin fún èkejì.

Kí ni a óò pe fọ́tò yìí? Bí a bá gbé e síwájú adájọ́ láti fi jẹ́rìí pé ọmọ méjì ni ó wá sí ilé ayafọ́tò lọ́jọ́ náà, irọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó tàn jẹ nínú ilé? Ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, ọmọ tí ó wọ aṣọ méjì mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, nínú ohun tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 lórí ọ̀rọ̀ náà àwòrán, rí ìrántí nínú rẹ̀: ohun tí a wò, tí a fi rántí. Ìrántí ni àwọn òbí náà béèrè, ìrántí ni ayafọ́tò fún wọn. Kò sí ẹni tí ó gba ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí tí a ṣèlérí fún un.

Ìlérí ni mo rò pé ó wà nídìí ọ̀ràn yìí, kì í ṣe bí a ti yí bọ́tìnnì. Fọ́tò ìwé ìrìnnà ń ṣèlérí fún aṣọ́bodè pé ojú yìí ni yóò rí níwájú rẹ̀. Fọ́tò ìròyìn ń ṣèlérí fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ pé báyìí ni ó ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí World Press Photo kì í fi gbà kí a fi nǹkan kún fọ́tò tàbí kí a yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Fọ́tò ìbejì ń ṣe ìlérí tirẹ̀. Ti ìyàwó ń kọ́? Ó ń ṣèlérí fún un pé bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ṣí ìwé fọ́tò ní ogójì ọdún òní, yóò rí i bí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ti rí i lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn yìí. Ẹni tí ó wí pé, "Ẹ jókòó, ẹ wo ọ̀dọ̀ mi," òun ni ó ṣèlérí. Kò tilẹ̀ ṣe é sẹ́, nítorí pé kámẹ́rà dígítà ń kọ f, àkókò àti ISO mọ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ bóyá Auto ni tàbí M. Ẹlẹ́rìí ti wà nínú fáìlì.

Ó ku ti ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n ya òun kí òun pọ́n. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré láyé ìbóra yìí. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bí ayafọ́tò bá ń fi kún pípọ́n oníbàárà láìjẹ́ pé ó béèrè, gẹ́gẹ́ bí fóònù púpọ̀ ti ń ṣe láìgba àṣẹ, ìwọ̀sí ni. Ó ń sọ fún un láìlanu pé ojú rẹ̀ nílò àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá béèrè ń kọ́? Àwọn kan ní owó rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní kí a kọ̀ ọ́ fún un. Èmi kò rò pé iṣẹ́ ayafọ́tò ni láti máa kọ́ àgbàlagbà bí yóò ti fẹ́ràn ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ohun kan kí ó tó gba owó rẹ̀: kí ó kọ́kọ́ fi ojú rẹ̀ hàn án, ní yíyà dáadáa, pẹ̀lú dídán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya àwọn kí àwọn pọ́n, èédú tí mítà sọ wọ́n dà láti kékeré ni wọ́n ń sá fún, kì í ṣe àwọ̀ ara wọn. Wọn kò tí ì rí ara wọn rí. Ẹni tí kò mọ ẹ̀rọ rẹ̀ yí kò sì ní ohun tí yóò fi san gbèsè náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere.

Fún akọ́ṣẹ́ tí ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, n óò darí rẹ̀ sí iṣẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere. Ilẹ̀ Ẹdó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1930. Ní Ìbàdàn ni ó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ìjọba láti ọdún 1954, Èkó ni ó sì kú sí ní ọdún 2014. Láti ọdún 1968 ni ó ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn, títí tí wọ́n fi súnmọ́ ẹgbẹ̀rún. Kò sí àwọ̀ nínú wọn, àfi dúdú, funfun àti ohun tí ó wà láàárín méjèèjì. Òwú dúdú lórí irun dúdú, irun dúdú lórí ọrùn dúdú, síbẹ̀ ènìyàn lè ka òwú náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí akọ́ṣẹ́ kà á. Lẹ́yìn náà kí ó bẹ adúmáadán kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó irun, kí ó mú un lọ sí abẹ́ ibòòji, kí ó yà á lẹ́ẹ̀mẹta: bí mítà ti wí, ìgbésẹ̀ kan sókè, ìgbésẹ̀ kan sísàlẹ̀. Kí ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó sì jẹ́ kí obìnrin náà fi ìka tọ́ka sí èyí tí ó jẹ́ tòun.